Àfarawé Kì Í Ṣe Ayédèrú: Ohun Tó Yẹ Kí Olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkìtì Mọ̀ Kí Ó Tó Sanwó Ọjà Iyebíye

Kò sí ọjà ńlá kan ní àárín gbùngbùn Èkìtì lónìí, ìbáà ṣe Ọjà Ọba tàbí Ọjà Bísí ní Adó, tí ènìyàn kò ti lè rí ohun tó jọ iyebíye rà ní owó pọ́ọ́kú. Ìlẹ̀kẹ̀ wà tó pupa bí iyùn, ike sì ni. Aṣọ wà tó ní ojú òfì, ẹ̀rọ ni ó sì tẹ àwòrán òfì náà sí i lára. Àdìrẹ wà tí kò wọ inú ìkòkò aró rí. Ìrẹsì wà nínú àpò tí orúkọ ara rẹ̀ kò bá ohun inú rẹ̀ mu. Àwọn kan ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ohun tí agbára wọn ká nìyẹn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń rà. Àwọn mìíràn ń rà á nítorí pé ẹni tó tà á fún wọn tàn wọ́n jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí ni àlàyé yìí dá lé lórí, àti ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀, àti bí olúkúlùkù ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ilé wa.

Bí a kò bá rí àdán

Àwọn baba wa kò fi ìgbà kan rí kórìíra ohun tí a fi rọ́pò òmíràn. Àwọn ni wọ́n sọ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn náà ni wọ́n to oúnjẹ ní ipò ní ipò, tí wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tó wà nínú òwe kejì yìí. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ̀kọ. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi orúkọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan pè é. Kò sí ìyá olóúnjẹ kan tí ó lè gbé ẹ̀kọ síwájú àlejò kí ó sì sọ fún un pé iyán ni.

Ní Èkìtì níbí, tí a mọ iyán mọ̀ wá, pòǹdó ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Iṣu gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ni, tí a ń rò lórí iná láìlo odó àti ọmọ odó. Àfarawé iyán ni, kò sì sí ẹni tí ó fi pamọ́. Orúkọ tirẹ̀ ni ó ń jẹ́, owó tirẹ̀ ni a ń san lé e, ẹni tó bá sì fẹ́ iyán odó mọ ibi tí yóò yà sí. Àfarawé tí kò purọ́ nìyẹn. Ó ran àwọn tí kò ní àkókò lọ́wọ́, ó ran arúgbó tí kò lágbára láti gún iyán lọ́wọ́, kò sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó ń gún iyán tà.

Àdìrẹ pàápàá ní irú ìtàn yìí. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa fi ọwọ́ hun nílé, ó nípọn, ó lágbára, ṣùgbọ́n ó gba àkókò púpọ̀. Nígbà tí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù dé, tó pọ̀ tó sì rọrùn láti rà, àwọn aláró kó o sínú ìkòkò wọn, wọ́n sì fi iko àti ẹ̀kọ ya iṣẹ́ ọnà sí i lára. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè ni ìṣẹ̀dálẹ̀ ohun tí a ń pè ní iyebíye lónìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tó pọ̀, tó sì rọjú, jẹ́ ohun burúkú nípa bẹ́ẹ̀ nìkan.

Ẹ̀kọ́ tí ańkárá kọ́ wa

Ìtàn ańkárá tilẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí lọ. Àwọn ará erékùṣù Java, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Indonesia lónìí, ni wọ́n ń fi ọwọ́ ya ìda sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ní àárín àwọn ọdún 1800, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀, kí wọ́n lè tà á fún àwọn ará Java ní owó tó rẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní 1846, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ṣe é. Ọjà náà kò fìdí múlẹ̀ ní Java bí wọ́n ti rò. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ti rí ilé, pàápàá láti àwọn ọdún 1890 ní etíkun ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Ghana. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa, tí a sì sọ ọ́ di aṣọ ẹbí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ó yẹ kí a ronú sí. Ní Lomé, olú ìlú Togo, àwọn obìnrin oníṣòwò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn, ni wọ́n ń pín aṣọ ilẹ̀ Netherlands yìí ká gbogbo agbègbè wa. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ àwọn àwòrán ara aṣọ náà ní orúkọ, tí orúkọ náà sì ń mú kí aṣọ tà. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1994, iye owó CFA já sí ìlàjì. Aṣọ tí wọ́n ń tà wá wọ́n gógó. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ China fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àwòrán kan náà jáde ní owó tó kéré gan-an. Àwọn aláìní rí aṣọ wọ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwò àwọn tó ti kọ́ orúkọ náà fún ọdún púpọ̀ rọ lọ.

Ilẹ̀ wa náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ tí a mọ̀ ní Nàìjíríà ti kógbá wọlé, ilé-iṣẹ́ aṣọ Odù'a tó wà ní Adó-Èkìtì sì wà lára àwọn tó dákẹ́. Ìdí rẹ̀ pọ̀: àìsí iná, ẹ̀rọ tó ti gbó, owó yíyá tó le. Ṣùgbọ́n aṣọ fàyàwọ́ tó ń wọlé pẹ̀lú àwòrán tí a jí àti orúkọ tí a jí wà lára ìdí náà.

Ibi tí olè ti bẹ̀rẹ̀

Níbo wá ni ààlà wà? Orúkọ ni ààlà náà. Ẹni tó ṣe ohun tó jọ òfì, tó sì pè é ní aṣọ títẹ̀, kò jí nǹkan kan. Ẹni tó pè é ní òfì, tó sì gba owó òfì lórí rẹ̀, ti ja ẹni méjì lólè lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó rà á, àti ẹni tó hun òfì tòótọ́ tí kò rí i tà. Èyí àkọ́kọ́ ni a pè ní àfarawé. Èkejì ni ayédèrú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìrẹsì. Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìfẹ́lódùn, ti ní orúkọ fún ìrẹsì rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Bí ó ṣe rí fún Ìgbẹ̀mọ ni ó rí fún ìlú Òfadà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ ìlú kan bá ti ń mú owó wá, àwọn kan yóò ko ìrẹsì mìíràn sínú àpò, wọn yóò sì pè é ní ti ìlú náà. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ìrẹsì gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní 2016, tí wọ́n sì ti àwọn ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìdánwò láti pààrọ̀ àpò ìrẹsì tún wá pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a tún ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àwọn aṣọ́bodè gba àpò 102 ìrẹsì ní Èkó, ìròyìn sì gba gbogbo ìlú pé ìrẹsì oníke ni. Ìbẹ̀rù mú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí àjọ NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kì í ṣe ike. Ìrẹsì gidi ni, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà láàyè, kò sì dára fún jíjẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ewu tòótọ́ kì í sábà jẹ́ èyí tí ìròyìn òfegè ń pariwo. Ìrẹsì tó ti pẹ́ jù, tó ti rí omi, tí a wá dà sínú àpò tuntun tó rẹwà, ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ra fún. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ó bá ń rùn bí ohun tó bu, tàbí tí ẹ rí ìdì tó lẹ̀ mọ́ra àti eruku kòkòrò nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ, ọ̀nà tó dájú jù ni kí ó rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ tàbí ọlọ́lọ̀ tí ó mọ̀, tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó lè sọ ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń dá aṣọ mọ̀

Nínú òfì, mẹ́ta ni àwọn àgbà gbé ga: ẹtù, tí a fi aró ẹ̀lú pa, àlàárì, tí òwú ṣẹ́dà pupa rẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá ní ayé àtijọ́, àti sányán, tí a ń ran òwú rẹ̀ láti ara ilé kòkòrò ṣẹ́dà inú igbó. Sányán tòótọ́ ṣọ̀wọ́n lónìí. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń tà ní orúkọ rẹ̀ jẹ́ òwú lásán tí a pa láró kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọ ti sányán. Bí ahunṣọ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, kò ṣẹ̀. Bí kò bá sọ, tó sì gba owó sányán, ó ti ṣẹ̀.

Àwọn àmì díẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Òfì tí a fi ọwọ́ hun máa ń wà ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rán pọ̀. Ẹ yí i padà: iṣẹ́ ọnà tí a hun wà nínú òwú fúnra rẹ̀, ẹ ó rí ipa rẹ̀ lẹ́yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ yóò ṣá lẹ́yìn, ojú ìrán àárín ọ̀já yóò sì jẹ́ àwòrán lásán. Àdìrẹ tòótọ́ náà máa ń mu aró dé ẹ̀yìn, àmì ara rẹ̀ kì í sì í bára dọ́gba délẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Àwọn aládìrẹ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ti ké gbàjarè lórí èyí tí ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ China ń tẹ̀ wọlé, nítorí pé ó ń dà wọ́n lórí òwò rú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú òwú tó wà nínú aṣọ, ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ kí ẹ sì fi iná ràn án, ní ibi tí kò sí ohun tó lè gbaná. Òwú ìbílẹ̀ máa ń rùn bí ìwé tó ń jó. Ṣẹ́dà máa ń rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ a sì máa fọ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Pọliẹ́sítà máa ń yọ́, ó sì máa ń dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó le.

Iyùn àti ike

Iyùn jẹ́ ohun àpọ́nlé fún àwọn ọba wa àti fún ìyàwó ọjọ́ ìgbéyàwó. Inú òkun ni ó ti ń wá: egungun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti Òkun Mẹditaréníà wá láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò. Nítorí náà ni ó ṣe wọ́n. Iyùn tòótọ́ tutù bí a bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó sì wúwo ju ike lọ. Bí a bá ki abẹ́rẹ́ gbígbóná bọ ihò ike, yóò yọ́, yóò sì rùn. Bí a bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan sí ibi kọ́lọ́fín lára iyùn, yóò hó díẹ̀díẹ̀. Híhó yìí fi hàn pé kì í ṣe ike, ṣùgbọ́n kò tíì fi hàn délẹ̀ pé iyùn ni, nítorí ìkarahun tí a pa láró náà máa ń hó. Ohun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí a rà lọ́wọ́ ẹni tí a mọ ilé àti ìsọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó tó bá fẹ́ lo ìlẹ̀kẹ̀ ike ní ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ kò ní kí ojú tì í. Ẹni tó yẹ kí ojú tì ni ẹni tó gba owó iyùn lọ́wọ́ òbí rẹ̀ lórí ike.

Oyin àti ọtí: ibi tí ẹ̀tàn ti lè pa ènìyàn

Nípa oyin, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ìdánwò ìṣáná, ti eèrà, tàbí ti omi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣeé gbọ́kàn lé. Bí oyin bá dì, kì í ṣe àmì pé wọ́n po ṣúgà mọ́ ọn. Oyin gidi a máa dì. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ òótọ́. Nítorí náà, ẹni tó tà á ni kí a mọ̀, kí a sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò rẹ̀ bí ó bá jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ dì. Àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àjọ náà ń pè ní Greenbook wà fún gbogbo ènìyàn láti fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjà kan wà lára èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ti ọtí ni ó léwu jù. Àwọn oníjìbìtì máa ń ṣa ìgò òfìfo ọtí olówó ńlá jọ lẹ́yìn àríyá, wọn yóò rọ ohun mìíràn sínú rẹ̀, wọn yóò sì dé e padà. Bí mẹtanọ́ọ̀lù bá wà nínú ohun tí wọ́n rọ sí i, ó lè fọ́ ènìyàn lójú, ó sì lè pa á. Ẹnu kò lè tọ́ ọ wò kí ó mọ ìyàtọ̀. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé gbè wá, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Àrùn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn, orí fífọ́ àti ojú ṣíṣú ni ó kọ́kọ́ ń ṣe wọ́n. Ó lé ní ènìyàn 15 tó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mẹtanọ́ọ̀lù inú ògógóró ni àyẹ̀wò tọ́ka sí. Bí ọtí ìbílẹ̀ tí kò wọ́n bá lè ṣe èyí, kí ni a ó sọ nípa èyí tí a fi ẹ̀tàn rọ sínú ìgò ẹlòmíràn? Ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú lẹ́yìn tó mu ọtí, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àríyá, ẹ fọ́ ìgò ọtí olówó ńlá tàbí kí ẹ ya ìwé ara rẹ̀ kí ẹ tó dà á nù.

Ohun tí òfin fún yín

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, tí ó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, fún ẹni tó ń ra ọjà ní ẹ̀tọ́ tó ṣe kedere. Ó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ òtítọ́ nípa ọjà ní èdè tó yé e. Ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye rẹ̀ ṣáájú, wọn kò sì gbọdọ̀ gba ju iye tí wọ́n kọ síta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kí ó tó sanwó, àti láti dá a padà bí kò bá bá àpèjúwe tí wọ́n ṣe fún un mu. Àjọ NAFDAC ló ń mójú tó oúnjẹ tí a dì àti ohun mímu. Àjọ SON ló ń mójú tó ìwọ̀n àti ojúlówó àwọn ọjà yòókù. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì tọ́jú ọjà náà pẹ̀lú páálí rẹ̀, nítorí àwọn ni ẹ̀rí yín.

Ọ̀nà mìíràn wà fún àwọn tó ń ṣe ojúlówó. Ní Cameroon, àwọn tó ń gbin ata Penja forúkọ ata wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ OAPI ní 2013, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè fi orúkọ náà pe ata ibòmíràn mọ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pẹ̀yìnbó òkè ilẹ̀ Àládà ní 2021. Ní Nàìjíríà, òfin àmì ìdánimọ̀ ọjà ti ọdún 1965 fi àyè sílẹ̀ fún àmì ìjẹ́rìísí, èyí tí ẹgbẹ́ kan lè gbà láti fi hàn pé ọjà kan ti ibi báyìí wá tàbí pé ọ̀nà báyìí ni a gbà ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ onírẹsì àti ti àwọn ahunṣọ wa lè ronú sí i. Orúkọ tí a kò bá dáàbò bò, ẹni tí kò gbìn ín ni yóò kórè rẹ̀.

Ní àkótán, ìjọba kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ bi ẹni tó ń tajà ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó sanwó: kí ni ohun yìí gan-an, níbo ni ó ti wá, ta sì ni ó ṣe é? Ẹni tó ń ta àfarawé pẹ̀lú òtítọ́ yóò dáhùn láìfi ọ̀kan pe méjì. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ mú owó yín padà sápò. Bí ó bá sì ti gba owó náà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú irọ́, ẹ mú ọjà àti rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní Adó-Èkìtì bí ó bá jẹ́ oúnjẹ tàbí ohun mímu, kí ẹ sì fi ẹjọ́ ọjà yòókù sun àjọ FCCPC. Ẹ̀sùn ẹnì kan lè gba ẹlòmíràn là.